Kámẹ́rà tí kò ní dígí: bí chip sílíkọ́nì ṣe ń ríran

Ẹ da fóònù yín dojúdé, kí ẹ fi ìka kan ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ yọ gọngọ. Dígí ló fà á: ó gbọ́dọ̀ ká ìmọ́lẹ̀ jọ, ìmọ́lẹ̀ náà sì nílò àyè kó tó di àwòrán.

Lọ́dún 2017, ọ̀jọ̀gbọ́n Ali Hajimiri àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Caltech, yunifásítì kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà kan jáde tí kò ní dígí rárá. Orí ègé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní chip, ni wọ́n ṣe é sí. Sílíkọ́nì yìí ni wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ojú wa ò ríran gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n irú ìmọ́lẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní infrared, tó ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Wọ́n á la ọ̀nà tóóró-tóóró fún un, ìmọ́lẹ̀ á sì máa tọ ọ̀nà náà bí omi ṣe ń tọ gọ́tà.

Ẹ di ojú, kí ẹnì kan lu dùndún lápá ọ̀tún yín. Ẹ ó mọ ibi tó wà, torí etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbọ́. Irú etí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dípò ìró, 64 ni chip Caltech ní: ìlà mẹ́jọ, mẹ́jọ-mẹ́jọ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti ọ̀tún, àwọn ti ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ kàn. Chip á wá dá èyí tó yá dúró díẹ̀, kí èyí tó pẹ́ lè bá a. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi: bí wọ́n bá jọ dé, ìgbì wọn á gun ara wọn, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ sí i. Ti èyí tó wá láti ibòmíràn, orí ìgbì kan á bọ́ sí kòtò ìkejì, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ibí yìí ló wú mi lórí jù: bí chip bá ti yí ìdádúró yẹn padà, kámẹ́rà á yí ojú síbòmíràn, síbẹ̀ ohunkóhun ò mira. Kọ̀ǹpútà á wá máa to ohun tó rí níbì kọ̀ọ̀kan jọ bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, títí yóò fi di àwòrán.

Etí 64 kò tó nǹkan, àwòrán rẹ̀ ò tíì já gaara.

Lockheed Martin, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú àti sátẹ́láìtì, àti Yunifásítì California ní Davis gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n pè é ní SPIDER. Dígí wẹ́wẹ́ ló ní, tí chip ń so ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀ ní méjì-méjì. Kò síbì kankan nínú rẹ̀ tí ẹ ti lè rí àwòrán náà. Ìṣirò ló ń bí i. Ojú sátẹ́láìtì ni wọ́n ṣe é fún, torí awò awọ̀nàjíjìn ńlá wúwo, owó gọbọi sì ni wọ́n ń san lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbé.