Agbaró ni, kì í ṣe asẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán tó tín-ín-rín gan-an ṣe, tó ń gba aró kúrò nínú omi, ẹ má pè é ní "asẹ́ nánò" mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa yíyọ aró kúrò nínú omi ìdọ̀tí ló ń pè é bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi. Asẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èérí ògì tóbi ju ojú asẹ́ lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó dúró sókè. Aró tó ti yòrò kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Lágbàlá wa ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, mo gba omi tí ìyá aláró kan fẹ́ dà sí gọ́tà, mo ká asẹ́ aláṣọ òwú ní ìṣẹ́po mẹ́ta, mo sẹ́ ẹ. Omi tó jáde kò yàtọ̀ sí èyí tí mo dà sí i. Asẹ́ yẹn gan-an ló yí padà: funfun rẹ̀ ti lọ. Ìyá wò ó, wọ́n ní, "Ó ti gbaró." Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ: aṣọ agbaró. Bí aṣọ funfun ṣe ń gba aró nínú ìkòkò, tí omi ìkòkò ń ṣá díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí ṣe ń gba aró lọ́wọ́ omi.

Àwọn kan tún ní "awọ" ló yẹ. Awọ ni ti ìlù àti bàtà. Fọ́nrán la ń sọ níbí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tú èròjà olómi tí wọ́n fi ń ṣe é jáde, iná mànàmáná tó lè ju 10,000 fóltì (ìwọ̀n agbára iná) lọ a sì fà á gùn títí yóò fi di tín-ín-rín. Irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánòmítà (mílíọ̀nù kan nánòmítà ló wà nínú mìlímítà kan). Fọ́nrán yìí lè má ju 200 lọ. Bó bá ṣe tín-ín-rín sí ni ara tí aró lè dì mọ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Bó bá sì yó, a lè fọ aró rẹ̀ kúrò, ká tún lò ó. Asẹ́ kì í yó, ńṣe ló ń dí.

Ti "bàyódígíredébù" tí wọ́n ń pe agbaró tó lè jẹrà ló burú jù. Ajẹrà ni, ó tán! Kitosán tí wọ́n fi ń ṣe òmíràn nínú rẹ̀, èèpo edé àti akàn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ta ni kò tíì gbóòórùn èèpo edé lórí ààtàn rí, tí ẹnì kan yóò fi máa wá ọ̀rọ̀ òyìnbó fún jíjẹrà?