Tòlótòló Audubon: ṣé ojúlówó ni àbí ẹ̀dà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo rí àwòrán tòlótòló kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ Audubon wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹni tó ń tà á ní ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún láyé àtijọ́. Owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Rọra o, àbúrò. Orúkọ yẹn ò jẹ́rìí nǹkan kan, torí ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà àwòrán á kó orúkọ ìsàlẹ̀ mọ́ ọn ni. Ojúlówó yẹn, inú ìwé The Birds of America tí Audubon, ayàwòrán ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, ṣe ló ti wá, ọdún 1827 sí 1838 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwòrán ẹyẹ 435, tòlótòló yìí gan-an sì ni nọ́ńbà kìíní, London ni Robert Havell, ẹni tó ń fín àwòrán, ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á fín in sára páànù bàbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwọn akunọ̀dà á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ta odidi ìwé yẹn kan ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn ní London lóṣù Kejìlá 2010, ta ló máa wá ta tòlótòló ẹ̀ ní pọ̀ọ́kú?

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ nígbà náà?

Ìdáhùn: Wá awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, irú èyí táwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, kó o fi wo ìyẹ́ ẹyẹ náà. Tó o bá ti rí àmì tótòtó kéékèèké tó tò lọ báyìí, maṣíìnì ni, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá jẹ́ ọwọ́, ọ̀dà yẹn á tàn kálẹ̀ láìsí tótòtó kankan, á ki díẹ̀ létí ibi tó gbẹ sí, ibòmíì á tiẹ̀ kọjá ìlà, èmi fẹ́ràn ibi tó kọjá ìlà yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà gbé bébà ẹ̀ sókè kí iná wà lẹ́yìn ẹ̀, ó yẹ kó o rí J WHATMAN, orúkọ ẹni tó ṣe bébà, àti ọdún nínú bébà fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ bébà mìíì, G. Schut & Zonen lo rí, Amsterdam ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 1971, ó tóbi bíi ti Havell, bébà ẹ̀ náà dáa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó sí i lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ojúlówó tí apá mi lè ká ni?

Ìdáhùn: Ó wà, àwọn kékeré tí J. T. Bowen tẹ̀ ní Philadelphia, 1840 sí 1844, àwòrán 500 ni gbogbo ẹ̀, ọwọ́ náà ni wọ́n fi kùn wọ́n. Òkúta ni wọ́n fi tẹ ìyẹn, so má wá àpá tí páànù bàbà máa ń tẹ̀ sára bébà lára ẹ̀. Àwọn tí wọ́n tún tẹ̀ láti 1856 máa ń ní àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ibi tó yí ẹyẹ ká, owó tiwọn kéré sí ti àkọ́kọ́. Ní ti tòlótòló ẹ yẹn, ní kí ọ̀gbẹ́ni náà ya fọ́tò bébà ẹ̀ níwájú iná ránṣẹ́, tó bá ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, fi sílẹ̀ fún un.