Àtẹ́lẹsẹ̀ Tó Tẹ́ Pẹrẹsẹ: Èwo Ló Fẹ́ Ìtọ́jú?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti pé ọdún 3, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹsẹ̀ tútù tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń hàn, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, láìsí àlàfo kankan láàárín. Ìyá ọkọ mi ní kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ṣé àrùn ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àrùn. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé ló ń bo kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn iṣan tó so eegun ẹsẹ̀ pọ̀ sì ṣì rọ̀, nítorí náà, bí ọmọ bá ti dìde, ara rẹ̀ yóò wúwo lé ẹsẹ̀ náà títí yóò fi tẹ́. Kòtò yìí máa ń jinlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, kí wọ́n tó pé ọdún 10. Àwọn kan wà tí tiwọn kò ní jinlẹ̀ títí ayé, tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń ru ẹrù, láìsí ìrora. Kí ìyá ọkọ yín fọkàn balẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè dá èyí tó léwu mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí ó bọ́ bàtà, kí ẹ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó nàgà bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ. Bí gìgísẹ̀ bá ṣe ń kúrò nílẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ tó rọ̀ yóò wọnú, kòtò yóò sì yọ. Bí ó bá yọ, tí kò sì dùn ún, a kì í tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá le gbagidi tí kòtò kò yọ, tàbí tó ń dun ọmọ, tàbí tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló tẹ́, ó di ọ̀rọ̀ dókítà eegun, nítorí eegun méjì nínú ẹsẹ̀ lè ti so pọ̀ láti inú oyún, kí ó má sì fara hàn títí ọmọ yóò fi di ọ̀dọ́langba.

Ìbéèrè: Oníbàtà kan ní bàtà pàtàkì wà tó ń tún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má náwó yín sí i. Ní ọdún 1989, àwọn oníṣègùn eegun ní Texas, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí ọdún 3 jáde: ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó wọ bàtà pàtàkì kò sàn ju ti àwọn tó wọ bàtà lásán lọ. Ní ọdún 1992, ìwádìí kan ní Íńdíà lórí 2,300 ọmọdé fi hàn pé ìdá 8.6 nínú 100 àwọn tó ń wọ bàtà ni ẹsẹ̀ wọn tẹ́, nígbà tí ti àwọn tí kì í wọ bàtà jẹ́ 2.8 péré. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé àti nínú àgbàlá tí ẹ ti gbá dáadáa. Mo mọ̀ pé ìṣó àti àfọ́kù ìgò kò jẹ́ kí ti òpópónà ṣeé ṣe.

Ìbéèrè: Èmi náà ti lé ní ọdún 50, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ mi ti apá inú sì wú. Ṣé bákan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá, èyí yàtọ̀ gédégédé. Iṣan kan ti inú iṣu ẹsẹ̀ wá, ó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ ti apá inú kọjá, òun ló sì ń gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ró. Bí iṣan yìí bá ń ṣá, ẹsẹ̀ tó ní kòtò tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Àwọn obìnrin tó ti lé ní ọdún 40 ló wọ́pọ̀ lára jù, àti ẹni tó sanra, tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró, kí ẹ sì gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí kò bá gbé e, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú eegun, irú èyí tó wà ní Ìgbóbì ní Èkó. Níbẹ̀rẹ̀, ìsinmi, ohun ìdè kókósẹ̀ àti eré ìdárayá lè tó. Bí a bá fi falẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi le, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kù. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tó pọ́n, tó sì gbóná lójijì kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì, kódà bí kò bá dùn ún, nítorí eegun lè máa fọ́ nínú ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri.

Ìbéèrè: Kí ni mo lè ṣe nílé bí ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ bá ń dunni díẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fọwọ́ tì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín sẹ́yìn láìtẹ orúnkún, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, títí iṣu ẹsẹ̀ yóò fi nà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ yẹra fún sálúbàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ le ló dára. Ohun tí a ń tẹ́ sínú bàtà lè dín ìrora kù, ṣùgbọ́n kì í gbẹ́ kòtò sí ẹsẹ̀: bí ẹ bá ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ náà yóò tẹ́ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.