Kí Ni Pípààrọ̀ Kíndìnrín?

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ńṣe ni wọ́n yọ èyí tó bàjẹ́, tí wọ́n sì fi òmíràn sí àyè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi àwọn ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ìsàlẹ̀ ikùn, nítòsí egungun ìbàdí, ni wọ́n ń gbé tuntun sí. Oníṣẹ́ abẹ yóò so ó mọ́ àwọn òpójẹ̀ ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀, yóò sì so ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀, ohun tó ti tutù tó sì ti funfun yóò pọ́n, nígbà mìíràn ìtọ̀ á ti máa kán kí wọ́n tó rán ikùn pa.

Rírán kọ́ ni ìṣòro iṣẹ́ yìí. Ara tó ń kọ àjèjì ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó ń bá kòkòrò àrùn jà, máa ń yẹ àmì ara sẹ́ẹ̀lì gbogbo wò, bí ọdẹ àdúgbò tó ń bi àlejò pé ta ló wá kí. Èyí tí wọn kò bá dá mọ̀, wọn á gbógun tì í.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láàárín ìbejì ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ yọrí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kíndìnrín Ronald Herrick sí ara Richard, ìkejì rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló pín di àwọn méjèèjì, nítorí náà ara Richard kò rí àjèjì kankan. (Kí àwa Yorùbá tí a ní ìbejì púpọ̀ má tìí yọ̀: inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìbejì wa ti wá.)

Fún ẹlòmíràn, oògùn tó ń dín agbára sẹ́ẹ̀lì funfun kù ni ojútùú. Cyclosporine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1983, ló mú kí iṣẹ́ yìí tàn kálẹ̀. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣe ti Nàìjíríà àkọ́kọ́, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó. Ṣùgbọ́n oògùn yìí ń tú ààbò ara sílẹ̀ fún àkóràn, ojoojúmọ́ sì ni lílo rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, owó oògùn yìí ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ ṣírò, kí wọ́n tó ṣírò ti iṣẹ́ abẹ, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ tán, tó dá oògùn dúró, lè pàdánù kíndìnrín tí ọmọ ìyá rẹ̀ yọ fún un.