Ìmọ̀ ìtọ́jú ọgbẹ́ láàrin sójà àti aráàlú: kí ni, kí ló sì kàn wá l'Abuja?

Àwa Yorùbá tá a fi Abuja ṣe ibùgbé mọ ọ̀nà Lokoja bí ẹní mowó. Òun la máa ń gbà relé ní Iléyá, ní Àjíǹde àti ní Kérésìmesì. Ó ṣòro kéèyàn rìn ín títí kó má kan mọ́tò tó ti dojú dé, tí èrò ń sáré fa àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tí wọ́n fà jáde láàyè, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀jẹ̀ dídà yìí kan náà ló ń pa sójà tí ìbọn bà tàbí tí bọ́ǹbù gé lẹ́sẹ̀. Ikú kan náà ni, ìdí sì nìyẹn tí ohun tí wọ́n fi ń lé e lójú ogun fi kan ẹni tó wọ mọ́tò ní gáréèjì Jabi.

Àwọn oníṣègùn ní orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yìí: military-civilian trauma partnership. Ọgbẹ́ ara ni trauma tí wọ́n ń wí níbẹ̀, ìyẹn egungun tó ṣẹ́, ikùn tó ya, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó já. Àjọṣe náà ni pé kí dókítà àti nọ́ọ̀sì inú bárékè àti ti ilé ìwòsàn aráàlú máa fi ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọgbẹ́ ńlá lé ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lọ́nà tí àwọn méjèèjì á fi lè kà á.

Ojú ogun máa ń kọ́ dókítà níṣẹ́ kíákíá. Ọgbẹ́ tí oníṣẹ́ abẹ ìlú lè máà rí láàrin ọdún kan, ti ojú ogun lè rí i lóru ọjọ́ kan. Ẹ wo Igbóbì l'Ékòó, tí kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ egungun tó ṣẹ́. Torí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló di ti tọmọdé tàgbà.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti irin gígùn tí wọ́n ń de mọ́ itan tó bá ṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Thomas splint. Ọmọ Wales ni Hugh Owen Thomas tó ṣe é. Egungun títò ni iṣẹ́ ìran wọn. Evan, bàbá rẹ̀, ń to egungun láìjẹ́ dókítà. Ọmọ yìí lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ó sì mú ọgbọ́n ilé pọ̀ mọ́ ti ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí títí ó fi kú ní 1891. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, Robert Jones, tó jẹ́ pé Thomas ni ọkọ àbúrò òbí rẹ̀ tó sì kọ́ ọ níṣẹ́, mú irin náà wọ iṣẹ́ ogun. Ṣáájú ìgbà yẹn, nínú sójà 100 tí ọta ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, nǹkan bí 80 ló ń kú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí de irin yìí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò lójú ogun, iye náà já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20. Ìdí rẹ̀ ni pé egungun itan tó bá ń mì máa ń ya ẹran ara káàkiri, itan kan ṣoṣo sì lè gba ju lítà ẹ̀jẹ̀ kan lọ sínú láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan hàn síta. Ọgbọ́n ilé atoegun ló gba ojú ogun kọjá, tó wá dé wọ́ọ̀dù aráàlú káàkiri ayé. Ẹni tó bá ń fojú di àwọn tó ń to egungun nílẹ̀ wa, kó rántí ibi tí irin yìí ti wá.

Ti tourniquet yàtọ̀ díẹ̀. Bẹ́líìtì tàbí aṣọ tí wọ́n fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin ni, kí ẹ̀jẹ̀ má lè rí ibi gbà. Ó ti pẹ́ láyé, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣègùn pé kí wọ́n yàgò fún un, pé ẹsẹ̀ tí wọ́n bá so yóò kú. Ogun Iraq àti Afghanistan ló yí èrò yẹn padà. Àwọn dókítà ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Baghdad lọ́dún 2006 kọ ti àwọn tí wọ́n so sílẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2009. Àwọn tí wọ́n tètè so kí ẹ̀jẹ̀ tó dínkù débi tí ara á fi tutù, tí ojú á sì máa ṣú, 90 nínú 100 ló yè. Àwọn tí wọ́n so lẹ́yìn tí ara ti tutù, 10 nínú 100 ni. Kò sì sí ẹsẹ̀ kankan tó bá tourniquet lọ.

Àkọsílẹ̀ míì tó jáde ní 2012 yẹ ikú sójà Amẹ́ríkà 4,596 wò, láti 2001 sí 2011. Ìdá 87 nínú 100 wọn ló kú kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn èyíkéyìí. Nínú àwọn wọ̀nyí, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ì bá yè ká ní ìtọ́jú tètè bá a, ẹ̀jẹ̀ dídà ló sì pa nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tí ì bá yè yìí. Nígbà tí mo ka iye yẹn, ọkàn mi kò lọ sí Baghdad rárá. Abaji ló lọ, àti Kwali, níbi tí mọ́tò ti ń dojú dé tí Gwagwalada sì ṣì jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń so ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn ń rọra jáde, aṣọ tó mọ́ àti ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ gírígírí ti tó. Bó bá ń tú yàà, tí aṣọ rin gbindin tí kò sì dúró, ẹ so ó sókè ọgbẹ́, lápá ibi tó sún mọ́ àyà, kó fi ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ lórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Bí kò bá sí ojúlówó tourniquet nítòsí, aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ṣeé lò. Gèlè àti ìborùn wà nínú mọ́tò wa nígbà gbogbo. Ẹ ta á ní kókó kan, ẹ fi igi tó le lé kókó náà, ẹ ta kókó míì lé e, kí ẹ wá máa yí igi náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kí ẹ sì dè é kó má tú. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti wáyà kò dára, wọ́n máa ń gé ẹran ara. Bẹ́líìtì ṣòkòtò náà kì í sábà fún tó. Yóò dun ẹni náà gan-an, ó sì lè máa bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u. Ẹ má tú u. Ẹ kọ aago tí ẹ so ó sí iwájú orí rẹ̀, bó jẹ́ lípíìsì ni ẹ rí kọ ọ́. Nǹkan bíi wákàtí méjì wà kí ewu tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹsẹ̀ náà lọ́nà tó lágbára. Abẹ́ abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ikùn kò ṣeé so. Ibẹ̀, aṣọ ni kí ẹ kì bọnú ọgbẹ́, kí ẹ sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ sójà nìkan ni ìmọ̀ ti ń wá o. Ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà, ìlú aráàlú tí wọ́n ti ń yìnbọn fún ara wọn lójú títì, àwọn oníṣẹ́ abẹ Rotondo àti Schwab pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn kọ̀wé ní 1993 nípa ohun tí wọ́n pè ní damage control. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dà jù, ara rẹ̀ á tutù, ẹ̀jẹ̀ tó kù á kan bí ọtí kíkan, kò sì ní lè dì mọ́. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ta kú pé òun fẹ́ tún gbogbo nǹkan ṣe níjókòó kan, orí tábìlì ló máa kú sí. Nítorí náà wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á dí ibi tí ìgbẹ́ ti ń jò, wọ́n á bo ikùn náà láìrán an pa, wọ́n á gbé e lọ síbi tí ara rẹ̀ á ti móoru, wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó padà wá parí iṣẹ́. Nínú àwọn tí ọgbẹ́ wọn burú jù, 10 nínú 13 ló yè báyìí. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn tán lẹ́ẹ̀kan, 1 nínú 9. Àwọn dókítà ogun gbà á lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n sì lò ní Iraq àti Afghanistan.

Èyí tó tún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni tranexamic acid, oògùn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ dídà dúró. Tọkọtaya Okamoto ti ilẹ̀ Japan ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1962. Lọ́dún 2010, àbájáde ìwádìí CRASH-2 jáde: àwọn tó fara pa 20,211, ní ilé ìwòsàn 274, ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó hàn níbẹ̀ pé oògùn náà ń dín ikú kù. Nígbà tí wọ́n tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò ní 2011, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fún aláìsàn láàrin wákàtí mẹ́ta tó fara pa, àti pé bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ó lè ṣèpalára. Àwọn dókítà ogun gbé e lọ sí Camp Bastion, ibùdó ológun kan ní Afghanistan, wọ́n sì kọ ìrírí tiwọn jáde ní 2012. Àwọn aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì Nàìjíríà wà nínú ìmọ̀ tó ń gba sójà òyìnbó là. Inú mi dùn láti sọ èyí, torí ó ti mọ́ wa lára láti rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nìkan ni nǹkan rere ti ń wá bá wa.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ máa ń gbàgbé. Bí ogun bá ti parí, dókítà inú bárékè á padà sídìí ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti aboyún, bí ogun míì bá sì dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé àwọn dókítà ológun ń bá àwọn aráàlú ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan náà ní Birmingham, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé sójà tó gbọgbẹ́ wá. Láti 2001 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ológun Amẹ́ríkà ti ń lọ sí Ryder Trauma Center ní Miami, níbi tí ọgbẹ́ kò ti wọ́n, kí ọwọ́ wọn lè yá kí wọ́n tó lọ sógun.

Àwa náà kò ṣófo. Kaduna ní ilé ìwòsàn 44 ti àwọn ológun. Láti ìgbà tí Boko Haram ti ń dààmú Borno, oníṣẹ́ abẹ ológun, ti yunifásítì àti ti Red Cross ni wọ́n ń rán ọgbẹ́ ìbọn àti bọ́ǹbù ní Maiduguri. Abuja ní ibi ìtọ́jú ọgbẹ́ ńlá ní National Hospital. Nígbà tí bọ́ǹbù bú ní gáréèjì Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, ó lé ní 70 èèyàn tó kú, àwọn tó fara pa sì kún ilé ìwòsàn aráàlú káàkiri ìlú. Ọgbẹ́ ogun gan-an nìyẹn, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí lánàá ló bá a pàdé. Lójú tèmi, kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì Maitama á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ohun tí ti Maiduguri ti mọ̀. Kí wọ́n máa pààrọ̀ òṣìṣẹ́ fún oṣù díẹ̀díẹ̀, kí ìwé àkọsílẹ̀ ọgbẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Kí àwọn tó mọ tourniquet í so nínú bárékè sì wá kọ́ awakọ̀ ní Jabi, Utako àti Nyanya, àti àwọn ọlọ́kadà Gwagwalada, torí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ẹni tí ìbọn bà nítorí ọlọ́pàá. Òfin ti wà láti 2017 pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ilé ìwòsàn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí méjì tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ jàm̀bá ọkọ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì gbogbo. Bí ẹ bá gbé aláìsàn dé, ẹ sọ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á: aago wo ló fara pa, aago wo lẹ so ó, apá ibo lẹ so. Wákàtí mẹ́ta ti oògùn tranexamic acid yẹn, láti ìgbà tó fara pa ni wọ́n ti ń kà á.