“Ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́, òbí ni ò ka ìwé sí”: ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ní Nyanya tàbí Mararaba, nítòsí ìlú Abuja, ti gbọ́ ọ rí. Ọmọdé kan á gbé omi inú ọ̀rá lérí, á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ lásìkò tó yẹ kó wà ní kíláàsì, ọ̀kan nínú àwa Yorùbá tó wà nínú ọkọ̀ á sì ní: “Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ mà rèé nítòsí. Òbí rẹ̀ ni ò ka ìwé sí.” Bó bá jẹ́ Haúsá lọmọ ọ̀hún ń sọ, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá lọ́dún 1955 ló sọ ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa di ẹni tó mọ̀wé, a sì ń fi ojú yẹn wo gbogbo ibòmíì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo òfin tó wà nílẹ̀ báyìí, ìyẹn òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004. Ó sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3, di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ó sì ka ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga òun tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Kò dárúkọ yúnífọ́ọ̀mù. Kò dárúkọ bàtà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Èyí tó dárúkọ pàápàá, ẹ bi ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ̀wé léèrè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ilé-ìwé ní 2016, ₦70 ni fún ọmọ kan lóòjọ́, kíláàsì kìíní sí ìkẹta nìkan ló sì wà fún. Ọmọ kíláàsì kẹrin ti dàgbà, ebi kì í pa á mọ́.

Ẹ wá ro ti obìnrin tó ń dín àkàrà létí títì, tó bí mẹ́ta. Bí wọ́n bá wọlé ní September, wọ́n á gbé ìwé pélébé lé e lọ́wọ́: owó PTA, owó ìdánwò, ìgbálẹ̀ kan, tíṣù, sàńdà dúdú. Wọn ò ní pe ọ̀kankan níbẹ̀ ní owó ilé-ìwé, torí òfin ní ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé lè san ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Lẹ́fì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò bá sì ní sàńdà, láti orí ìlà àárọ̀ ni wọ́n á ti dá a padà. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń kiri omi, owó tó ń mú wálé ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ alẹ́. Bó bá lọ sílé-ìwé, ìyá rẹ̀ á sanwó, owó ọbẹ̀ á sì tún lọ.

Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n bá òbí tí kò rán ọmọ lọ wí. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ẹni tí ò rówó ra bàtà la fẹ́ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀!

Bó bá jẹ́ pé àìfẹ́ràn ìwé ni gbogbo rẹ̀, owó ò ní yí i padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kẹ́ńyà fagi lé owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ tuntun tó ya wọlé. Nítòsí wa níbí, UNICEF fún àwọn ìyá ní ìpínlẹ̀ Niger àti Sokoto ní ₦5,000 ní táàmù kan kí ọmọbìnrin wọn lè lọ sílé-ìwé, àwọn ìyá tá a ní wọn ò ka ìwé sí yìí náà ló lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Mi ò ní kò sí òbí tó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n wà, pàápàá lórí ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ fi fọ́kọ. Àmọ́ bàbá tó tọ́jú ọmọ rẹ̀ sílé lẹ́yìn tí wọ́n jí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọkùnrin gbé nílé-ìwé wọn ní Kankara, ìpínlẹ̀ Katsina, ní December 2020, ṣé ọ̀lẹ lẹ máa pe ìyẹn náà? Èyí tó sì mú ọmọ lọ fún mállàm kó lè kọ́ kéú, ẹ̀kọ́ ló ń wá fọ́mọ, bí a tilẹ̀ mọ ìyà tó wà nínú agbe tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ran ọmọ kan ládùúgbò yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló lé e wálé. Bó bá jẹ́ bàtà ni, ẹ ra bàtà. Bó bá jẹ́ lẹ́fì tí òfin ò mọ̀, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí SUBEB, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, tàbí UBEB bó bá jẹ́ Abuja. Ìyẹn bí wọ́n bá gbà láti já rìsíìtì fún yín.