Ibi tí omi kànga Èkó ti ṣẹ̀ wá

Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga l'Abẹ́òkúta, kì í pẹ́ tó fi máa kan àpáta. Ẹni tó ń gbẹ́ tiẹ̀ l'Èkó, ì báà jẹ́ n'Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Mushin, iyanrìn àti amọ̀ ni yóò máa kó sókè títí tí yóò fi kan omi. Kì í ṣe pé kò sí àpáta lábẹ́ Èkó o. Ó ti rì ni, ó jìn ju kìlómítà kan lọ. Rírì tó rì yẹn ló bí omi tí à ń fà mu.

Nígbà láéláé, kò sí òkun láàárín àwa àti Brazil. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni. Irú àpáta tó wà nílẹ̀ Yorùbá, tí ọjọ́ orí ẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù ọdún 600, ẹ máa rí ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil títí dòní. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 130 sẹ́yìn ni ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya. Ó sán káàkiri, àpáta tó wà létí ibi tó ti ń ya sì ń já wálẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Kòtò tó ṣẹ́ kù gùn láti ìlà-oòrùn Ghana, ó gba Togo àti Benin kọjá, ó fi dé apá Òkìtìpupa. Àárín ẹ̀ l'Èkó wà.

Odò ló kọ́kọ́ da iyanrìn sínú kòtò yìí, kí òkun tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí òkun yẹn wà l'Éwékorò: òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀, ìkarahun àti egungun àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun ni, ó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 60. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Àìmọye ilé l'Èkó ló jẹ́ òkun àtijọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni odò tún kó iyanrìn mìíràn wá bò ó. Inú iyanrìn òkè yìí ni kànga Agége, Ìkejà àti Mushin ti ń fa omi. Gbogbo ìpele wọ̀nyí ló dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà òkun, ìdí nìyẹn tí òjò tó bá rọ̀ sí iyanrìn l'ápá Ògùn fi lè gba abẹ́ amọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Kí ló dé tí kò sí òkè ayọnáyèéfín l'Èkó, nígbà tó jẹ́ pé etí ibi tí ilẹ̀ ti ya la wà? Ojú ọgbẹ́ yẹn ti sún lọ. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ló wà báyìí, ibẹ̀ ni àpáta yíyọ́ ti ń jáde. Òkè Cameroon tó bú ní 1999 àti 2000, ìlà tiẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ mì n'Íjẹ̀bú-Òde ní 1984.

Erékùṣù Èkó fúnra ẹ̀ jẹ́ ọmọ àná. Ní ogún ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, òkun fi nǹkan bí mítà 120 rẹlẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ. Ìgbà tó padà gòkè ni ìgbì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn, tó fi di ògiri, tí ọ̀sà sì há sẹ́yìn ẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ máa ń léfòó sórí omi iyọ̀ bí epo lórí omi. Bí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju òkun lọ, nǹkan bí mítà 40 ẹ̀ ló máa wà nísàlẹ̀. Ẹ fà á jù, kó wálẹ̀ ní mítà 1, omi iyọ̀ á máa bọ̀ lókè ní mítà 40.

Ìdí nìyẹn tí kànga tó dáa l'Erékùṣù fi di owó. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí Bahia, padà wá sí Èkó, ó kọ́lé sí òpópónà Kakawa, ó gbẹ́ kànga sínú ọgbà, ó ń ta omi ẹ̀ fún ará àdúgbò. “Ilé Omi” ni wọ́n ń pe ilé náà. Òkun tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e kọjá náà ni ìyapa ọjọ́sí bí. Candido, ọmọ ẹ̀, lówó débi pé àwọn àgbà Èkó, bí ẹ bá ń yọ wọ́n lẹ́nu nítorí owó, wọ́n á ní: “Ṣé èmi ni Dàróṣà ni?”

Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù, tí wọ́n ní kí ará ìlú san owó omi, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbásá dá People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló fẹ́ jẹ àǹfààní ẹ̀ jù. Mi ò rò pé wọ́n jayò pa.

Omi ẹ̀rọ kò kárí ìlú títí dòní, bóòhóòlù ló gbòde. L'Erékùṣù àti ní Lẹ́kkí, agbẹ́lẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í dúró sínú iyanrìn òkè. Ó máa gba ìpele iyọ̀ kọjá, á da sìmẹ́ǹtì yí páìpù ká kí iyọ̀ má lè jò wọlé, á wá omi dídùn tó wà lábẹ́ amọ̀. Ibi sìmẹ́ǹtì yẹn ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù, torí kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́ bí wọ́n bá ti bo ilẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dúró tì í ní ọjọ́ tó bá fẹ́ dà á.